Ewé Mẹ́fà Tó Ya Kúrò Nínú Ìwé

Abẹ́ afárá Bẹ́gà ni mo ti rà á
lọ́wọ́ Ìlìyásù tó ń fi bárò ta ìwé.
Ẹ̀yìn ìwé ti ya. Lára èèpo iwájú,
ọmọbìnrin kan gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ọ̀nà.
Ìlìyásù wo ewú tó yọ létí gèlè mi:
“Hàjíyá, ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Irọ́ ni.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí,
mò ń bá ìjọba ṣírò owó nínú ọ́fíìsì tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí.
Ọ̀gá mi bá ìwé náà lábẹ́ fáìlì,
ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á:
“Ìyá Tiwalọlá, ìwé àwọn ọ̀dọ́ langba!”
Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n sọ?
Pé nínú ìwé àgbà tó wà nílé mi
ó ti rẹ gbogbo wọn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀?
Wọ́n jókòó, wọ́n ń mutí, wọ́n ń rántí.
Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gba lẹ́tà kan péré,
ilé á mì tìtì.
Kò tíì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ lè dani.
Ó ń purọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.
Lálẹ́ ọjọ́ kan ó yọjú wo pálọ̀,
ó rí i pé ẹ̀rù ń ba bàbá òun náà.
Èmi náà ti yọjú wo pálọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti gbàgbé.

Inú bọ́ọ̀sì Mádálà ni mo ti ń kà á.
Ọyẹ́ ti fi eruku kun gíláàsì,
àpáta Súmà ò hàn mọ́, bí ẹni pé wọ́n wá gbé e lọ.
Tálátù sá kúrò nílé-ẹ̀kọ́,
ó dé etí odò Gùrárà lóru,
atukọ̀ ní láìsí owó, kò sí ọkọ̀.
Ó bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi,
omi tutù dé orúnkún,
ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan —

ewé mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, kò sí níbẹ̀.
Bóyá wọ́n ti fi pọ́n kúlíkúlí.
Mo gbójú sókè: mo ti kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀.

Rífkátù, ọmọ Gbàgí tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ní,
“Mo ti ka ìyẹn, Mọ́mì. Ó la odò já.
Ìyá rẹ̀ ló gbé fìtílà dúró dè é lódìkejì.”
Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.
Lọ́jọ́ kejì mo ní, kí ni ìyá rẹ̀ wá sọ?
“Ìyá wo? Atukọ̀ ló yí padà wá gbé e.”
Lọ́jọ́ kẹta, odò ló gbẹ.
Mo fa etí rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín:
“N ò rí ìwé yẹn rí, Mọ́mì.
Ojú yín ló ṣe mí láàánú.”

Ó yẹ kí n bínú.
Iná ti lọ, ẹ̀fọn ń kọrin,
ọbẹ̀ ń jóná díẹ̀díẹ̀ lórí sítóòfù.
Mo ní, “Odò tó gbẹ yẹn,
kí ni Tálátù rí nísàlẹ̀ rẹ̀?”

Ó dojú báákẹ́ẹ̀tì dé ilẹ̀,
ó jókòó lé e.