Èjìká Òsì

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé téèpù kọ́rùn.
Mo mọ ìbàdí ìyá ìjọ, mo mọ àyà káńsílọ̀,
mo mọ ọkùnrin tó ń fa ikùn mọ́nú bí mo bá ń wọ̀n ọ́n.
Kò sẹ́ni tó wọn èmi rí
àfi ọ̀gá mi Fámúrewà, lọ́dún tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù.
Ó fọwọ́ kan èjìká mi òsì, ó ní,
"Èyí relẹ̀ ju èkejì lọ. Máa rántí."

Mo rántí.
Gbogbo kóòtù tí mo rán fún ara mi
ni mo ti fi àjákù fómù há abẹ́ láínìn rẹ̀,
kí wọ́n má baà wí pé ẹni tó ń mú aṣọ ìlú gún
òun gan-an ló wọ́.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ Ẹ̀fọ̀n kì í kanlẹ̀kùn.
Orí òkè ló ń gbà wọlé bí ẹni tó wá sin gbèsè,
abẹ́rẹ́ á máa jábọ́ lọ́wọ́ mi títí oòrùn á fi là.
Mo gba Adó lọ, síìpù àti òwú dúdú ni mo bá lọ,
ni mo bá rí i lọ́jà Bísí:
jákẹ́ẹ̀tì awọ kan láàárín ogún mìíràn lórí irin gbọọrọ,
àwọ̀ rẹ̀ bí kòkó tó ti gbẹ dénú lórí ẹní.

Mo wọ̀tún, mo wòsì.
Ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò:
bí oníbàárà mi bá bá mi níbí ńkọ́?
Bọ́síkọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, èmi náà sì bọ́ sí kọ̀rọ̀ lóòótọ́,
lẹ́yìn ìdì aṣọ ọmọdé tí wọn kò tíì tú.
Mo ki apá ọ̀tún. Mo ki tòsì.
Èjìká náà jókòó
bí àgbà ṣe ń jókòó sórí àga tó ti mọ̀ ọ́n.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbi kókó ọrùn ọwọ́ mi, kò kọjá.
Mo wá ń pàṣẹ fún ara mi, bí mo ti ń pa á fún wọn:
Gbọ́wọ́ sókè. Mí síta. Má fa ikùn.

Ńdùbúìsí tó ni ìsọ̀ ń wò mí.
Ìkéré ni wọ́n bí i sí, "ulé" ló ń pe ilé,
ó gbọ́ Èkìtì ju ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn.
Ó ní, "Ọ̀gá, wọn kò rán an mọ́ ọ,
ìwọ ni wọ́n rán mọ́ ọn."
Ẹgbàá mẹ́sàn-án.
Mo ná an díẹ̀, torí ojú ń tì mí bí n kò bá ná an.

Ìgèdè ni mo dé kí n tó rántí pé n kò ra síìpù.

Lóru, mo yí inú rẹ̀ síta lábẹ́ iná,
mo ń wá àṣírí.
Mo rí i lábẹ́ èjìká òsì:
ẹnìkan ti tú ojú rírán ibẹ̀ rí,
ó sì ti fọwọ́ rán an padà,
òwú rẹ̀ pupa díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì.
Télọ̀ kan, nílùú tí n kò mọ̀, fún ẹnìkan tó relẹ̀ bíi tèmi.
Kò fi fómù tì í.
Ó gé e wálẹ̀ ni.

Mojírayọ̀ jí, ó ní, "Èwo lò ń bá sọ̀rọ̀?"
Mo ní kó sùn.

Káńsílọ̀ wá gba kóòtù rẹ̀ láàárọ̀ yìí.
Mo ní kó má tíì wọ̀ ọ́, kó dúró kí n tún un wọ̀n.
Ìbídùn ọmọṣẹ́ mi gbé àpò fómù wá bí ìṣe rẹ̀,
mo ní kó gbé e padà sábẹ́ tábìlì.
"Ọ̀gá," ni káńsílọ̀ wí, "ta ló rán jákẹ́ẹ̀tì ọrùn yín yìí?"
Mo ti há pín-ìnnì mẹ́ta sẹ́nu.
Mo fọwọ́ júwe fún un pé kó tú ikùn sílẹ̀.