Ọmọrí

Ọjọ́ Aráfà, Túdún Wàdá ní Sáríà,
iná ti lọ láti ìdájí.
Ẹsẹ̀ òsì mi ti kú lórí ẹ̀rọ ìránṣọ,
ọ̀tún ló ń bá a jẹ́ iṣẹ́.
Kàfútáànì mọ́kànlá rọ̀ sórí okùn bí àdán,
àwọn tó ni wọ́n ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Télọ̀, ṣé ó ti tán?"
Mo ní ó ku bọ́tìnnì.
Bọ́tìnnì ni irọ́ tí gbogbo télọ̀ jọ ń pa,
ẹnìkan kì í béèrè pé bọ́tìnnì mélòó.

Sájẹ́ńtì Bítrúsì gbé ṣòkòtò iṣẹ́ wá,
ó ní kí n bá òun fẹ̀ ẹ́ níbàdí.
Ó jókòó, ó ń jẹ ẹ̀pà mi,
ó ní ọdún tí kì í ṣe tòun
ló ń mú òun sanra.

Ìgbà náà ni Hájíà Làǹtánà wọlé.
Ẹ bi gbogbo ọjà wò:
obìnrin tó ń ka ewé àlùbọ́sà kó tó sanwó,
tó dá kẹ̀kẹ́ Márúwà dúró láàárín afárá
nítorí ogún náírà.
Ó gbé aṣọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sójú oòrùn,
ó ń fi ìka tọ ojú rírán
bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ.
"Hábà! Ṣé ọ̀nà Kánò lo rán ni,
tó fi kún fún kòtò báyìí?"
Mo ní, "Hájíà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀la lọdún."
Ó ní, "Ọdún á dé, ọrùn aṣọ á ṣì wọ́."
Mo mí kanlẹ̀. Mò ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní le jù,
èyí tí ẹnu mi á ṣì lè gbà padà.

Kí n tó rí i, ó ti fa bíléèdì yọ nínú pọ́ọ̀sì.
Ó tú ọrùn aṣọ náà, wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́,
kò gé òwú kan tí kò yẹ ní gígé.
Ó ní, "Dìde."
Mo dìde. Kí ni ǹ bá ṣe?
Ó ká ìborùn sẹ́yìn, ó bọ́ bàtà,
ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ tó fi làálì kùn lé irin ẹ̀rọ,
ẹ̀rọ tó ti ń ṣe agídí sí mi láti àárọ̀,
àfi bí ológbò tí wọ́n fọwọ́ pa lórí,
ó ń kùn.
Bítrúsì gbàgbé ẹ̀pà sẹ́nu.
Ọrùn aṣọ yí po bí òṣùpá ọjọ́ kẹrìnlá.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní,
"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi rán aṣọ ṣọ́jà ní Kàdúná
kí ojú tó máa dùn mí."
Ó ka owó sílẹ̀,
ó mú ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà padà nínú rẹ̀:
"Owó iṣẹ́ mi nìyí."

Èmi tí mo lo ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀gá l'Ógbómọ̀ṣọ́,
mo wo ọrùn aṣọ mẹ́wàá tó kù,
mo tú mẹ́rin palẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, lẹ́yìn ìrun yídì,
ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà,
kàfútáànì ọlọ́rùn òṣùpá lọ́rùn, abọ́ lórí.
Orí àgbò ló wà ńbẹ̀, odindi, pẹ̀lú ìwo kan,
ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.
Ọmọ náà dijú, ó ń ka iṣẹ́ tí wọ́n rán an:
"Ìyá àgbà ní kí o fọ abọ́ kí o tó dá a padà.
Wọ́n ní kí o má gbàgbé ọmọrí tèṣí,
èyí tó ní òdòdó pupa létí."

Lọ́dún èṣí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà,
n kò tíì mọ ọ̀nà Sáríà.
Lámídì tó gbé ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi
ló jẹran, ló gbé ọmọrí lọ.
Mo fẹ́ ṣàlàyé, ọmọ ti sá lọ.
Mo lọ bá Bítrúsì, ó ní,
"Ra òmíràn. Orí àgbò ti wọ ìkòkò,
ẹjọ́ ti tán."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń ti ilé dé ilé
ní Sábóńgárì lọ́jọ́ kejì ọdún,
gbogbo ọjà tì pa,
abọ́ fífọ̀ lábẹ́ abíyá,
tí mò ń bi àwọn tí n kò mọ̀ rí:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ọmọrí tó ní òdòdó?
Pupa ni. Létí."