Eyín Òru

Ìbídùn kọ́kọ́ rò pé eku ni.
Ó tanná, ó yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò,
àfi ìgbà tó gbé etí sún mọ́ ẹnu mi.
"Bàbá Ìtùnú, kí lẹ ń lọ̀ láago mẹ́ta òru?"

Dókítà eyín ní Wínípẹ́ẹ̀gì wo fọ́tò, ó mirí.
Ọ̀kan ti sán lápá òsì.
Ó ní ṣé egungun ni mò ń jẹ?
Mo rẹ́rìn-ín.
Báwo ni n óò ṣe pè é fún un:
èsì tó yẹ kí n fún ọ̀gá wa ní ilé-ẹrù,
owó ilé,
"dáadáa la wà" tí mò ń wí fún Màmá lórí fóònù?

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni.
Mo wá fẹnu dì í mú, mo há a mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.
Ẹyin ò fọ́.
Eyín ló fọ́.

Wọ́n bá mi rọ ike kan,
mò ń kì í bọnu lálaalẹ́ bí ìjánu ẹṣin.

Láàárọ̀ yìí, ní ibùdókọ̀, nínú yìnyín,
Ìtùnú bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń gé èékánná jẹ.
Mo ní, kí ló dé?
"Kò sí nǹkan, Dádì."
Ohùn mi gan-an ni.