Ẹ̀rọ Kò Mọ Àwẹ̀ró

Èmi ni mo di ẹ̀rọ mú lọ́jọ́ náà,
ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé Abà Ládẹ̀jọ, lọ́nà Mọ́níyà,
èmi akọ̀wé kékeré láti Agodi
tí bàtà mi mọ́ ju ọ̀nà tó gbé mi dé lọ.
Ìjọba ní òun yóò ran àgbẹ̀ olówùú lọ́wọ́,
náírà báyìí lórí éékà kan,
kí òwú má baà kú mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́.
Wọ́n kọ ọ́ sára bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi máńgòrò.
Ewúrẹ́ kan ti jẹ ibi tí wọ́n kọ iye owó sí.

Àwẹ̀ró dé kí n tó jókòó.
Ó di òwú mẹ́ta mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀
bí ẹni mú ẹlẹ́rìí wá sí kóòtù.
Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í wo òwú. Ìka ló ń wò."
Ó na àtàǹpàkò.
Ẹ̀rọ wò ó, ó tan iná pupa.
Mo nù ún. Pupa.
Mo ní kí ó lọ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́,
ó fi etí aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.
Pupa.
Mo gbé ìka náà sún mọ́ ojú ara mi:
kò sí ilà kankan níbẹ̀.
Ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.
Ọdún mọ́kànlélógójì ni erùkọ́ fi pa á rẹ́,
èèpo òwú gbígbẹ ló fá ìyókù.

"Ṣé èmi kọ́ lèmi ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ó rọrùn ju ìdáhùn lọ.

Ọ̀sán pọ́n kí ọkọ̀ dúdú tó dé láti Bódìjà.
Ọ̀gbẹ́ni Fọlárànmí kò sọ̀ kalẹ̀,
ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé,
èmi ni mo gbé ẹ̀rọ lọ bá a.
Ìka rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.
Iná àwọ̀ ewé tàn kí n tó mí.
Ogójì éékà òwú, ni ìwé wí.
Mo mọ ilẹ̀ náà. Ẹ̀yìn ilé epo kan ló wà, lọ́nà Ọ̀yọ́.
Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń mọ níbẹ̀,
búlọ́ọ̀kù tí kì í là nígbà ọyẹ́.

Bí ó ti ń yí fèrèsé sókè,
nǹkan bọ́ sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì mi.
N ò kà á níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo kà á.
Owó ilé ìwé Tìmílẹ́yìn ló kù díẹ̀.
Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Bàbá mi àgbà a máa sọ pé
òwú àti owú, ohùn ló yà wọ́n:
rẹ ohùn sílẹ̀, ó daṣọ,
gbé e sókè díẹ̀, ó dìjà.
Kò sọ fún mi pé ohùn owú gan-an ni owó ń lò.

Nírọ̀lẹ́ mo kọ "a kò rí i" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Àwẹ̀ró.
Ó jókòó síwájú mi, ó ń wo bírò.
"Kí lo kọ?"
"Mo ní kí ẹ padà wá."
Ó tú ìṣẹ́tí ìró, ó mú òwú kan, ó fi lé mi lọ́wọ́.
"Gbà. Ẹ kò gbin òwú ní ìgboro,
ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń lò ó fún etí, fún egbò,
fún ihò imú òkú yín.
Èyí tí wọn yóò fi dí tèmi, mo ti yà á sọ́tọ̀."
Kò bínú. Bí ẹni ń júwe ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́.

Kóró kan ṣoṣo ló wà nínú òwú náà.
Mo ti gbìn ín sínú agolo mílíìkì
lójú fèrèsé wa ní Ṣáṣá. Kò tíì hù.
Láràárọ̀ mo ń fi àtàǹpàkò tẹ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò,
ilà ìka mi a sì hàn níbẹ̀,
gbogbo rẹ̀, kedere.