Ó Dín Méjì

Oníṣòwò tó ti Lille wá
kò lò ju ìdajì wákàtí lọ.
Ó fi awò kékeré há ojú kan,
ó wọn fàdákà lórí òṣùwọ̀n,
ó kó owó ọba Spéènì, ó kó ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Liège,
ó kó ẹyọ kan tó gbó débi pé kìnnìún ara rẹ̀ ti di ajá.
Nígbà tó kan agolo bisikíìtì,
ó ṣí i, ó mì í, ó rẹ́rìn-ín:
"Màdáámù, ìwọ̀nyí kì í ṣe owó.
Idẹ ìṣirò lásán ni. Ẹ fún àwọn ọmọdé."

Bẹ́ẹ̀ ni agolo ṣe kù sí mi lọ́wọ́.

Ghislain, àbúrò bàbá mi,
akọ̀wé owó nílé ẹ̀kọ́ kan létí odò Escaut, ní Tournai:
ogójì ọdún ló fi kọ owó oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.
Kò níyàwó. Kò ní mọ́tò.
Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó máa ń lọ
síbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin,
á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òtútù
bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Idẹ tí kò ra búrẹ́dì rí ló ń wá.

"Wò ó," ó máa ń wí, "owó a máa parọ́.
Ọba kú, owó rẹ̀ di irin.
Èyí kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.
Fi sí ìlà ìsàlẹ̀, ọ̀kan ni.
Sún un sókè, ó di mẹ́wàá.
Tún sún un, ọgọ́rùn-ún. Idẹ kan náà!
Ibi tó jókòó sí ló yàtọ̀."
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Súìtì ni mo ń rò.

Lálẹ́ yìí mo da agolo sórí aṣọ tábìlì.
Lẹ́tà etí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́; mi ò lè kà wọ́n,
mo bá kà wọ́n:
méjìdínláàádọ́ta.
Ìwé rẹ̀ sọ pé àádọ́ta.
Mo tún un kà. Ó dín méjì.
Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ létí,
Ghislain a máa kà á fún mi bí àdúrà:
Ṣọ́ra kí o má baà ṣì í kà.

Mo dìde láti gbé tíì, tábìlì ò mì.
Tábìlì tó ti ń mì láti ayé ìyá rẹ̀!
Mo kúnlẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kan,
ẹyọ kan, ó ti tẹ̀, ó dúdú bí èékánná tí ilẹ̀kùn há,
ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ó wá ku ọ̀kan.

Èyí tó kù, mo mọ̀ ọ́n.
Ọkọ̀ ojú omi wà lójú rẹ̀, àgbélébùú lẹ́yìn.
Mo jí i. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi í sí
dé ṣọ́ọ̀bù Philomène Delcourt.
Philomène yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná, ó wo ojú mi,
ó ní, "Owó ńlá mà nìyí,"
ó wọn súìtì kún àpò pépà,
ó sì fún mi ní ṣéńjì.

Ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé Ghislain,
pẹ́ńsùlù, lẹ́tà wínníwínní:
"Ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì.
Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Philomène. Mo ti san owó súìtì.
Màá lọ gbà á lọ́jọ́ kan."

Kò gbà á.
Ọjọọjọ́ Ẹtì ló ń lọ síbẹ̀, fún ogún ọdún,
tó ń ra tábà tí kò fà rí láyé.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí tábìlì.
Ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta, lọ́nà ogún.
Mo to idẹ bó ṣe kọ́ mi:
ọ̀kan ní ìlà ẹgbẹ̀rún,
ìlà ọgọ́rùn-ún ṣófo,
mẹ́rin ní ìlà mẹ́wàá.

Márùn-ún péré ló gbà.