Ìwé Ẹgbẹ́

Inú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ùsì ni mo ti kọ́kọ́ rí i.
Ogún ọdún ni bàbá mi fi jẹ́ akọ̀wé wọn,
lẹ́tà rẹ̀ a máa dúró gbọn-in bí ọ̀pá tí iṣu ń gùn.
Nígbà tó fi di ìkórè, èèrà ló kù lórí ìlà,
èèrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó ń rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.
Akápò ní, "Jẹ́gẹ́dẹ́, ṣé tàdáwà ló wọ́n ni?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni àtàǹpàkò ọ̀tún gba iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́,
ó ń yí mọ́ ìka, ó ń yí mọ́ ìka,
bí ẹni tó ń ka owó tí kò sí nílẹ̀.
Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá mi rò pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́:
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi tọrọ àforíjì
lọ́wọ́ ojú tí kò bínú.

A gbààwẹ̀. A mu àgbo tó korò ju ọ̀rọ̀ àna lọ.
Dókítà kan ní Adó wo ìrìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga,
ó ní, "Pákíńsìn ni." Ó kọ oògùn. Ó pe ẹlòmíràn wọlé.
A gbé orúkọ náà délé bí ẹrù tí kò rí ibi sọ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì ní gáréèjì Ìfàkì ló là mí lójú:
"Nọ́ọ̀sì kan wà ní Ìdó, irú wọn nìkan ló ń tọ́jú."
Ó kọ nọ́ńbà sára ọ̀rá búrẹ́dì.
Mo pè. Obìnrin kan gbé e, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Ìbídùn Fálúyì sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà,
òun àti àpò kan, òun àti ṣọ́ọ̀kì kan péré.
Ó bi bàbá mi nípa ìwé ẹgbẹ́.
Ìdáhùn pẹ́ kó tó dé, ohùn rẹ̀ ti di ti ẹni tó ń sọ àṣírí.
Obìnrin náà dúró dè é.
Ó ní, "Oògùn yìí ò mọ sùúrù. Bí aago bá ti lù, ẹ lò ó,
ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀wà ṣíwájú rẹ̀ dénú."
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí sìmẹ́ǹtì, láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé:
"Ẹ má rìn, Bàbá. Ẹ kàn máa ré wọn kọjá."
Akọ̀wé mọ ìlà. Ó ré ọ̀kan kọjá. Ó ré èkejì.

Oṣooṣù la ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìfàkì báyìí.
Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Kápíńtà kan wá láti Ọ̀tùn,
ìyá àgbà kan kì í jẹ́ kí wọ́n bá òun bu tíì,
ìdajì a dà nù, a mu ìdajì.
Ìyá mi bá obìnrin kan pàdé níbẹ̀
tí òun náà ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ojú;
wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́.

N kò ní parọ́, kò san. Nọ́ọ̀sì gan-an ò ṣèlérí pé yóò san.
Òun nìkan ni, ìlú pọ̀;
nígbà òjò, ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀kadà ò gun òkè wa.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni. Ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́ nílẹ̀,
ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà bí ẹyẹ inú àtè.
Ibi tí mo ti ń tú àpótí wá ṣọ́ọ̀kì,
ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í gúnyán,
ọmọ odó méjì, kì-kì, kì-kì.
Bàbá mi gbórí sókè.
Ó gbé ọ̀tún lé ọ̀kan, ó gbé òsì lé èkejì,
ó tẹ̀ lé iyán oníyán jáde sí gbangba.
Wọ́n dáwọ́ dúró. Òun náà dúró.
Ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ:
"Sọ fún wọn pé ó ṣì ní kókó."