Ṣóńṣó Kẹfà

Ìyá ìyá mi a máa fi àtẹ́lẹwọ́ nu dígí rẹ̀ láràárọ̀,
á ní, "Bàbá mi nìyẹn. Jernej.
Ogun Késárì ló pa á lórí òkè Krn,
kí n tó mọ̀ ọ́n pè."
Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀.
Ọdọọdún, lọ́jọ́ àwọn òkú, la ń tan àbẹ́là fún un
nínú òtútù, lẹ́bàá odò Soča
tí omi rẹ̀ ń ṣàn bí ewé tí a gún.

Fọ́tò àtijọ́ kì í sọ àwọ̀.
Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn ọkùnrin yìí, ṣé eérú ni, ṣé ewé ni?
Eérú ni àwọn ọmọ ogun Késárì ń wọ̀;
àwọn ará Ítálì da ewé mọ́ eérú tiwọn.
Ní àfonífojì wa, èèyàn lè sùn sábẹ́ àsíá kan
kó jí sábẹ́ òmíràn,
láì pààrọ̀ ìrọ̀rí.

Nígbà tí a sin ìyá àgbà tán, mo gbé fọ́tò náà tọ Venceslav lọ,
ẹni tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ lẹ́tà,
tó ń ṣa bọ́tìnì àti pàǹtí ọta lórí òkè bí ẹni ń ṣa olú.
Ó gbé awò rẹ̀, tó nípọn bí ìdí ìgò.
Ó wo fìlà: abẹ́ apá ló wà, ó dojú délẹ̀.
Ó wo ọ̀já ojúgun: "Gbogbo wọn ló ń wé e."
Ó wo bọ́tìnì: òjìji ti gbé e mì.
Ó wá dé ọrùn ẹ̀wù, ó dákẹ́.

"Ìràwọ̀ yìí ni ẹlẹ́rìí. Ka ṣóńṣó rẹ̀.
Mẹ́fà, ti Késárì. Márùn-ún, ti Ítálì."
Mo kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún,
ẹ̀fà.
Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń wá ìbòrí mi.

"Jókòó," ni Venceslav wí.
Ó gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò.
Ṣóńṣó márùn-ún ń dán.
Ẹ̀kẹfà kò dán: ojú ọgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni,
tí a fi abẹ́rẹ́ ha títí pépà funfun fi yọjú.
Ọ̀tún bẹ́ẹ̀, òsì bẹ́ẹ̀. Ti òsì tilẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá ìyá mi.

Pavla, àbúrò ìyá mi, ń bó ọ̀dùnkún. Kò gbójú sókè.
"Zorko ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀.
Wọ́n fún un ní ìbọn àti orúkọ Ítálì,
wọ́n kó o sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí Etiópíà
kó lọ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́,
òun tí wọ́n ti gba tirẹ̀.
Lẹ́tà kan ló kọ. Ó ní àwọn ọmọdé ibẹ̀ ń sá fún òun,
ó ń ṣe òun bíi kí òun kígbe pé aṣọ ni, kì í ṣe òun.
Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí Zorko mọ́.
Nígbà tí àwọn ọmọ ogun inú igbó sọ̀kalẹ̀ wá,
tí wọ́n ń wo ara ògiri ilé oníkálukú,
ta ni yóò fi irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ẹ sì mọ̀?"
"Gbogbo wa ni. Ìwọ tí o kàwé nìkan ni kò mọ̀."

Aṣọ là ń kí kí a tó kí èèyàn.
Obìnrin yìí tún aṣọ rán sọ́rùn òkú
kí ó lè máa kí i láràárọ̀
lórúkọ ẹlòmíràn.
Jernej fúnra rẹ̀ kò ní fọ́tò kankan.

Lọ́dún yìí, àbẹ́là méjì ni mo rà.
N kò mọ ibi tí n ó gbé ìkejì sí.

Mo ti fi ọkùnrin náà kọ́ padà.
Lánàá ọmọ mi gun àga, ó na ìka sí ọrùn ẹ̀wù,
ó ní, "Màmá, mélòó ni?"
Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀,
ẹsẹ̀ àga yẹn kò dúró dáadáa.